Òdo tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù

Bùbá tí mo wọ̀ lọ sípàdé lọ́jọ́ náà, adití ló rán an. Ọrùn rẹ̀ jókòó dáadáa, apá rẹ̀ gún régé. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, obìnrin méjì ti bi mí pé ta ni aránṣọ mi. Mo ní, "Odi tó wà níwájú títì yẹn ni." Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn ìyẹn tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé àdúgbò wa kò ní àkàndá ẹ̀dá kankan.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Mò ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ yìí sílẹ̀ nítorí pé àwọn akọ̀wé bíi tèmi pọ̀ káàkiri, irú fọ́ọ̀mù kan náà ni gbogbo wa sì ń kọ. N kò ní dárúkọ àdúgbò, n kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Ètò kan ló fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wa: sóólà ni yóò máa fa omi, táǹkì yóò wà lórí irin, ẹnu ẹ̀rọ mẹ́rin yóò wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àdúgbò ni yóò dá díẹ̀ nínú owó náà. Ní ojú-ewé kejì fọ́ọ̀mù, wọ́n ní ká kọ iye ọkùnrin, iye obìnrin, iye ọ̀dọ́, iye àgbàlagbà, àti iye àkàndá ẹ̀dá. Alága ń kà á, a ń dáhùn. Nígbà tó dé ti ìkẹyìn, ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn wa, ṣé a ní abirùn ládùúgbò yìí?"

Kẹ́kẹ́ pa. Ìyá kan dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "Ká má rí i o, Bàbá." Gbogbo ilé ní, "Àmín." Mo kọ 0.

Ẹ jẹ́ ká tún ìbéèrè yẹn gbọ́. Ohun tí olúkúlùkù ń gbàdúrà kó má kan ilé òun la pariwo orúkọ rẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn, tí a ní kí ẹni tó ni ín nawọ́. Àwọn àgbà ti ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Wọ́n tún ní a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Ẹni tó bá dìde lẹ́yìn Àmín yẹn pé ọ̀kan wà nílé òun, ṣe ló máa dà bí ẹni tó kọ àdúrà. Níbo la tiẹ̀ ti ń ṣe ìpàdé? Nínú pálọ̀ Alága ni, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún tí kò ní irin ìdìmú kankan. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an kò lè gòkè wá gbọ́ ọ. A bi àwọn tó lè gòkè bóyá ẹni tí kò lè gòkè wà, wọ́n ní kò sí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mò ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ mi. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó fọwọ́ pè mí. Ó ṣí dúrọ́ọ̀ máṣíìnì rẹ̀, ó yọ ìwé kékeré kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin, ó tú u sórí tábìlì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ bí ẹni ń tẹ́ àńkárá tó fẹ́ gé. Rìsíìtì tí mo fún un nígbà tí a gba owó kànga ni. Ó fi ìka tọ́ ibi tí mo fọwọ́ sí, ó sì fi tọ́ mi. Ó wá ṣí ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, ó gbé èjìká sókè, ó ń wò mí lójú.

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló túmọ̀ fún mi. "Ọ̀gá rò pé owó ọdẹ ni wọ́n san, mà. Àwọn ọdẹ tún wá gbowó lóṣù tó kọjá. Wọ́n ní ti kí wá ni wọ́n san fún yín?"

Ó ti dá owó tirẹ̀ sínú kànga tí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé irú rẹ̀ kò sí nínú àwọn tó ni ín. Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ó tún fi ìka tọ́ òkè rìsíìtì, níbi tí orúkọ ẹni tó sanwó wà. "Odi Aránṣọ" ni mo kọ síbẹ̀. Ó mi orí. Ó mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sáṣọ, ó fa bébà tó fi gé pátánì sún mọ́ra, ó kọ orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, orúkọ tirẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dára ju tèmi lọ. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gbé aṣọ fún un rán. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn náà ni mo mọ̀ pé ó mọ̀wé kà, pé bí a bá ti kọ ìlà mẹ́ta péré sórí ìwé fún un kí a tó gbowó, ọ̀rọ̀ ì bá ti yé e.

Mo lọ bá Alága lálẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá ní fọ́ọ̀mù ti lọ ná. Mo ní Bàbá, irọ́ ló wà nínú rẹ̀, èmi ni mo sì pa á. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí n ṣe bó ti yẹ.

Àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan ló là wá lójú. Ó kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó wà nílùú Ọ̀yọ́, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977 láti máa kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò máa kọ́ àwọn adití, afọ́jú àti àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ kì í tètè yé. Àǹtí yìí gbọ́ èdè ọwọ́ dáadáa. Nígbà tí mo ròyìn fún un, kò bá mi wí. Ó kàn ní, "Mà, ìbéèrè yín ni kò da. Ẹ máa béèrè ohun tó nira fún èèyàn, ẹ má béèrè orúkọ àìsàn."

Ó wá gbé ìbéèrè mẹ́fà kalẹ̀. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Washington Group ló ṣe é, àwọn oníṣirò láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kó jọ ní 2001. Kò sí abirùn nínú ìbéèrè náà, kò sí àkàndá ẹ̀dá pàápàá níbẹ̀. Ṣé ìríran nira fún yín, bí ẹ tilẹ̀ lo awò? Ṣé ìgbọ́ràn nira fún yín, bí ẹ tilẹ̀ lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn? Ṣé ó nira fún yín láti rìn tàbí láti gun àtẹ̀gùn? Ṣé ó nira fún yín láti rántí nǹkan tàbí láti pọkàn pọ̀? Ṣé ó nira fún yín láti tọ́jú ara yín, bíi kí ẹ wẹ̀ tàbí kí ẹ wọṣọ? Ṣé ó nira fún yín, ní èdè tí ẹ ń sọ lójoojúmọ́, láti jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín yé ẹlòmíì tàbí kí tẹlòmíì yé yín? Ìdáhùn mẹ́rin ló wà: kò nira rárá, ó nira díẹ̀, ó nira gan-an, n kò lè ṣe é rárá. Ẹni tó bá mú "ó nira gan-an" tàbí "n kò lè ṣe é" lórí ọ̀kan péré nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, òun ni ẹ ó kà.

Ó tẹnu mọ́ ohun kan. Ẹ má bi bàálé nìkan, ó ní. Ẹ bi olúkúlùkù fúnra rẹ̀.

Mo ti mọ̀ báyìí pé kì í ṣe àdúgbò wa nìkan ni nǹkan ti rí bẹ́ẹ̀. Ìkànìyàn 2006 rí àwọn àkàndá ẹ̀dá tó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 3 nínú wa, nígbà tí gbogbo ọmọ Nàìjíríà jẹ́ mílíọ̀nù 140. Ìyẹn kò ju bí 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ ní 2022 pé èèyàn 1.3 bílíọ̀nù ni lágbàáyé, ìyẹn 16 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣé ara tiwa wá le tó bẹ́ẹ̀ ni? Wọ́n lo ìbéèrè mẹ́fà yẹn nínú ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà ní 2018, ó sì tó bí 7 nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó ti kọjá ọmọ ọdún márùn-ún tí nǹkan kan nira fún, ó kéré tán díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ló ń dáhùn fún gbogbo ilé nínú ìwádìí náà. Lẹ́yìn ohun tí ojú mi rí ládùúgbò wa, mo mọ ohun tí ìyẹn lè fi pamọ́.

Alẹ́ mẹ́rin la fi yí ilé ká, èmi, Àǹtí, àti ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ẹgbẹ́. Ní ilé kejì, bàálé dáhùn fún gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà: "Ara wa le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Àǹtí kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ kí Màmá ẹ̀yìnkùlé náà." Wọ́n mú wa kọjá sẹ́yìn. Okùn kan ni mo kọ́kọ́ rí, okùn ìsáṣọ tí wọ́n ta láti ẹnu ọ̀nà Màmá dé ilé ìyàgbẹ́. Àárín rẹ̀ ti dúdú, ó ń dán, níbi tí ọwọ́ Màmá ti ń gbá a mú lójoojúmọ́. Funfun ti bo ẹyinjú wọn méjèèjì. Nígbà tí a bi wọ́n, wọ́n ní, "Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni mo ń rí, ọmọ mi." Bàálé ní, "Ọjọ́ ogbó ni, kì í ṣe àrùn." Kò purọ́. Lójú tiwa, ogbó kì í ṣe abirùn. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi rántí Màmá nínú ìpàdé. Ṣùgbọ́n kànga tí a fẹ́ gbẹ́ kò mọ ogbó yàtọ̀ sí àrùn. Ẹni tí kò ríran kò ríran.

Ìyá Ológì náà wà lára àwọn tí a lọ bá nílé. Láti kékeré ló ti ń fi ọ̀pá rìn. Wọ́n ní ibà ló mú un, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ní ìdí, ẹsẹ̀ òsì sì rọ. Bí ọ̀pọ̀ ilé ti máa ń sọ ọ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé rọpárọsẹ̀ ló ti wà lára ọmọ náà kí abẹ́rẹ́ tó dé. Ní oṣù kẹjọ 2020 ni wọ́n kéde pé kòkòrò rọpárọsẹ̀ inú igbó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà. Àwọn tó ti kàn kí ó tó lọ ṣì wà láàárín wa, wọ́n ń ta ògì, wọ́n ń tọ́ ọmọ. A bi í bóyá rírìn tàbí gígun àtẹ̀gùn nira. Ó ní, "Rárá o, ó ti mọ́ mi lára." Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń sẹ́ ògì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbójú sókè: "Màámi, ìgbà wo lẹ gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹ́yìn?" Ìyá dákẹ́. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ pé ó nira gan-an."

Ìbéèrè mẹ́fà yìí náà kò pé. Ọkùnrin kan wà tí wárápá ń gbé ṣubú lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù. Ó dáhùn "kò nira" sí gbogbo rẹ̀, òótọ́ ló sì sọ, nítorí lọ́jọ́ tí kò bá ṣubú, kò sí ohun tó ń ṣe é. A bi í bó bá fẹ́ ká kọ òun, ó ní ká kọ òun. Àìsàn ọkàn náà lè gba àárín ìbéèrè yẹn kọjá láìhàn. Kò sì dára fún àwọn ọmọdé. Washington Group yìí àti UNICEF ti ṣe tàwọn ọmọ lọ́tọ̀, láti ọmọ ọdún 2 dé 17.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wúwo sí jù lọ ni ilé ìyá kan tó ní òun ò ní ju ọmọ méjì lọ. A ti fẹ́ máa lọ nígbà tí ohùn kan jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Ìyá wò wá, ó wo ilẹ̀, ó wá ká kọ́tìnnì náà sókè. Ọmọkùnrin kan ni, á tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n fi ìrọ̀rí méjì àti ìró tí wọ́n wé rógódó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè jókòó. Ó mọ́ tónítóní, wọ́n ti fi òróró pa á lára, ó rẹ́rìn-ín sí Àǹtí. Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n bí i ni ojú àti ara rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e sí oòrùn àárọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti ń na ọrùn sẹ́yìn. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ti dé inú ọpọlọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí tí ẹ ní ọmọ tuntun nílé, tí ojú rẹ̀ bá pọ́n, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni o, kì í ṣe oòrùn.

Ìyá náà kò tijú ọmọ rẹ̀. Ohun tó sọ nìyí: "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń lọ sílé ọkọ. Mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́ ku oṣù méjì. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń wádìí ìdílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka orúkọ ọmọ mi nínú ìpàdé yín."

Bí ọpọlọ ọmọ náà ṣe bàjẹ́ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń jogún. Ṣùgbọ́n ta ló máa dúró ṣàlàyé ìyẹn fún àwọn aṣèwádìí àna? Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìwé orúkọ tí a ń kọ kì í ṣe ìwé kékeré. A fẹnu kò pé iye nìkan ni a ó mẹ́nu bà nípàdé, kò sí orúkọ. Ìwé orúkọ wà nínú àpótí mi, ẹni tó bá gbà pé ká kọ òun nìkan ló wà níbẹ̀. A sì sọ ọ́ láti ibẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ilé pé kì í ṣe pálíétíìfù là ń pín, nítorí àwọn kan ti ń wá orúkọ bàbá àgbà tó ti kú mọ́ ọn.

Ìpàdé kejì, a ṣe é sábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Àǹtí dúró ní ọ̀ọ́kán aránṣọ, ó ń fọwọ́ sọ ohun tí ẹnu ń sọ. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń wo ọwọ́ rẹ̀ ju kí wọ́n gbọ́rọ̀ lọ. Ìyá Ológì jókòó síwájú. Ọmọ-ọmọ Màmá ẹ̀yìnkùlé mú Màmá wá.

Bíríkìlà ṣàlàyé pèpéle tí àwọn ẹnu ẹ̀rọ yóò wà: bulọ́ọ̀kù méjì lórí ara wọn, àtẹ̀gùn níwájú. Ìyá Ológì ní, "Báwo ni màá ṣe gbé omi sọ̀kalẹ̀?" Bíríkìlà ní òun á fi kọnkéré ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fẹsẹ̀ wọn ọ́n, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Àǹtí ní gíga ínṣì kan gbọ́dọ̀ ní ínṣì 12 lórí ilẹ̀, kí kẹ̀kẹ́ arọ tàbí ẹni tó ń fọ̀pá rìn má bàa yọ̀ ṣubú. Bulọ́ọ̀kù kan ga ní ínṣì 9. Méjì jẹ́ 18. Ẹsẹ̀ bàtà 18 ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà á gùn, ilẹ̀ tí a ní kò sì tó.

Ariwo ta. Bàbá kan ní, "Tìtorí èèyàn mélòó la ó ṣe fi símẹ́ńtì ṣòfò?" Àǹtí sọ fún wọn pé òfin ti wà: Òfin tó lòdì sí yíya àwọn àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019, tó fún àwọn ilé tí gbogbo ará ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún kí wọ́n fi tún ara wọn ṣe, ọdún márùn-ún náà sì ti pé láti 2024. Ọ̀rọ̀ òfin kò wọ bàbá yẹn létí rárá. Ní tòótọ́, n kò rí i kó wọ ẹnikẹ́ni létí níbẹ̀.

Aránṣọ ló yanjú rẹ̀. Ó dìde, ó fa téépù ọrùn rẹ̀, ó lọ síbi bulọ́ọ̀kù tí wọ́n tò sílẹ̀, ó gbé méjì léra. Ó wọ̀n ọ́n. Ó wá gbé èyí tó wà lókè kúrò, ó tún wọn ọ̀kan tó kù, ó yíjú sí bíríkìlà, ó sì ṣí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bó ti ṣí i fún mi lọ́jọ́ rìsíìtì. Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì?

Bíríkìlà ronú. Ó ní, "Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn." Kò sí ìdí mìíràn. Bulọ́ọ̀kù kan tó láti gbé garawa kúrò lẹ́rẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ di ẹsẹ̀ bàtà 9, ilẹ̀ gbà á, iye bulọ́ọ̀kù sì dín kù. Bàbá tó ń sọ̀rọ̀ símẹ́ńtì ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

A ti rò pé a ti ro gbogbo rẹ̀ tán. Lọ́jọ́ tí omi kọ́kọ́ yọ, Ìyá Ológì dé pẹ̀lú garawa, ó dúró sí òdìkejì gọ́tà. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan la fi sọdá. Gbogbo wa ń pọnmi, ó ń wò wá. Ọjọ́ kejì la da kọnkéré bò ó. A ta okùn láti igun ilé Màmá dé ẹnu ẹ̀rọ àkọ́kọ́, ìmọ̀ràn Màmá fúnra wọn ni. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ aránṣọ, nítorí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló dojú kọ ọ́. Orúkọ rẹ̀ ni mo sì kọ sínú ìwé ẹgbẹ́, kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀.

Fọ́ọ̀mù tuntun ti lọ. Mo kọ 9 síbi tí mo kọ 0 sí tẹ́lẹ̀. Ìyá tó ń gbé ọmọ sẹ́yìn kọ́tìnnì ń rán ọmọ rẹ̀ obìnrin wá pọnmi láràárọ̀. Níjọ́ kan òun fúnra rẹ̀ dá mi dúró, ó bi mí pé ìgbà wo ni ìdí ẹ̀rọ máa ń dá. Mo ní tó bá ti ń lọ sí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ó dúpẹ́, ó lọ.

Ọmọkùnrin yẹn kò sí nínú 9 náà.